Ọmọ Ajá Yín Nínú Òjò Dídì Àkọ́kọ́

Orí yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ajá tí kò rí òjò dídì rí, tí ẹ sì ń gbé níbi tí kò ti sí bí kò ṣe ní rí i. Chicago ni mo ń fọkàn wò bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ẹni tó wà ní Minneapolis, Buffalo tàbí Toronto lè lo gbogbo rẹ̀ láìyí nǹkan kan padà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ajá dáadáa láti ilé. A mọ ajá tó ń sun ìta, tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, tó ń jẹ ohun tí a bá jẹ kù. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ìmọ̀ lásán, ṣùgbọ́n kò kan òtútù tó lè pa ẹran etí ajá láàárín wákàtí kan. Níbí, ẹ ní láti tún un kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé ìjáde àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó sì parí nígbà tí inú ajá ṣì ń dùn. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí i, ohun tí ọmọ ajá bá pàdé máa ń jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá dùn mọ́ ọn á máa dùn mọ́ ọn. Èyí tó bá bà á lẹ́rù á pẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ ajá tí òtútù bá jẹ lẹ́sẹ̀ títí tó fi ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè kọ̀ láti jáde lọ tọ̀ títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì yín ni yóò sì máa tọ̀ sí.

Ohun tí ẹ nílò

Bẹ́líìtì àyà tó bá a lára mu, pẹ̀lú okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Bí ẹ̀rù bá ba ajá, tó sì fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ lè yọ kúrò nínú bẹ́líìtì ọrùn. Bẹ́líìtì àyà kì í sábà yọ. Ẹ má lo okùn tó ń ká ara rẹ̀ sínú ike. Bí ajá bá sáré dé òpin irú okùn yẹn nígbà tí ẹ dúró lórí yìnyín, ilẹ̀ ni ẹ ó bá ara yín.

Ẹ̀wù ajá, bí irun rẹ̀ bá kúrú tàbí bí ara rẹ̀ bá kéré. Chihuahua, Boxer, Greyhound àti àwọn tó jọ wọ́n nílò rẹ̀. Husky, Samoyed àti Malamute ní irun ìpele méjì, wọn kò nílò rẹ̀. Èyí tó bo ẹ̀yìn nìkan kò tó: àyà àti ikùn ló sún mọ́ òjò dídì jù, ibẹ̀ sì ni irun ti fẹ́lẹ́.

Bàtà ajá mẹ́rin. Bí kò bá gbà kí ẹ wọ bàtà fún un, òrí díẹ̀.

Aṣọ ìnura méjì, abọ́ fífẹ̀ kan fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná ara tí ẹ kò ní lò fún ènìyàn mọ́, ìpápánu ajá tí ó fẹ́ràn gan-an, àti iná kékeré tí a lè so mọ́ ọn. Iná yìí ṣe pàtàkì: ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Chicago ní nǹkan bí aago 4:20 ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kì í sì í tètè rí ajá kékeré.

Ṣọ́bìrì, àti yanrìn tàbí ohun ayọ́ yìnyín tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kò léwu fún ẹran ọ̀sìn.

Ṣáájú ọjọ́ náà

1. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti pé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ máa ń parí. Bí kò bá tíì pé, ẹ̀yìnkùlé yín ni kí ó ti rí òjò dídì, kì í ṣe pápá ìṣeré tí ajá gbogbo ń gbà kọjá. Àwọn kan rò pé òtútù ti pa gbogbo àrùn tó wà nílẹ̀. Kò pa parvo, àrùn ajá tó léwu púpọ̀ fún ọmọ ajá. Kòkòrò àrùn yẹn lè wà láàyè nínú ilẹ̀ tó dì fún oṣù púpọ̀.

2. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé irun tó yọ láàárín àwọn tìmùtìmù àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó dọ́gba pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó má kúrú jù ú lọ. Ara irun yìí ni òjò dídì máa ń dì mọ́, tí á di kókó líle tí ajá ń tẹ̀ bí òkúta. Irun ara yòókù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìgbà òtútù kọ́ ni àkókò fífá irun ajá.

3. Ẹ kọ́ ọ ní bàtà nínú ilé. Ẹ wọ ẹyọ kan fún un, ẹ fún un ní ìpápánu, ẹ bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ méjì. Yóò máa gbé ẹsẹ̀ sókè-sókè, àwọn ọmọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ yẹ bàtà náà wò bóyá ó há. Ìka ọwọ́ yín kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín okùn bàtà àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà tó há máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ni òtútù sì kọ́kọ́ ń mú.

4. Bí ó bá kọ bàtà pátápátá, ẹ má bá a jà. Ẹ fi òrí tí kò ní lọ́fínńdà kankan pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó jáde. Èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé ní ike dára, bí ẹ bá dá a lójú pé wọn kò po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Mo ní láti sọ èyí kedere: ẹ má fi Robb tàbí Àbónìkí pa á. Menthol àti irú àwọn èròjà tó ń ta bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ajá ń lá mì, ajá á sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀ dandan. Ìpara ọmọdé tí zinc wà nínú rẹ̀ pàápàá, ẹ má lò ó.

Yíyan ọjọ́

Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn yọ, tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Ní Chicago, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí adágún Michigan wá lè sọ òtútù tó ṣeé fara dà di ohun mìíràn, nítorí náà iye òtútù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wò lórí fóònù.

Ìwọ̀n tí èmi ń lò fún ọmọ ajá nìyí. Bí ó bá ju 32°F lọ, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Láàárín 20°F sí 32°F, ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lábẹ́ 20°F, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ nìkan, ẹ wọlé. Lábẹ́ 0°F, ẹ gbé e lọ́wọ́ dé ibi tí ẹ ti fi ṣọ́bìrì gbá mọ́, ẹ gbé e padà, tàbí kí ẹ tẹ́ ohun ìtọ̀sí sílẹ̀ fún un nínú ilé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago wálẹ̀ dé −23°F. Kò sí ohun tí ọmọ ajá ń wá níta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe òfin. Ajá yín ni yóò sọ bí ó ṣe rí, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbá ibì kan mọ́ títí ẹ ó fi rí koríko tàbí ilẹ̀, kí ó fẹ̀ tó mítà 2 ní ìbú àti òró. Ibẹ̀ ni yóò máa tọ̀ sí. Òjò dídì bo òórùn tó ń fi mọ ibi ìtọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ajá tó ti mọ ìta í tọ̀ máa ń padà wá tọ̀ sílé bí òjò dídì bá bẹ̀rẹ̀. Kò yapa, kò rí ojú àmì ni. Lẹ́yìn ibi tí ẹ gbá, ẹ fi òjò dídì tí kò ga dé ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ fún eré. Ọmọ ajá tí òjò dídì mu dé ikùn kì í ṣeré, ó ń làkàkà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ ṣílẹ̀kùn kí ẹ sì dúró. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó gbóòórùn, kí ó wò. Ohun gbogbo tó mọ̀ ti yí àwọ̀ padà lójú kan. Ẹ má gbé e, ẹ má tì í, ẹ má sì pè é ní ìpè gbígbóná bí ẹni pé nǹkan kan ń lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì síwájú rẹ̀, ẹ ju ìpápánu kan sórí òjò dídì. Bí ó bá na ọrùn mú un, tó sì sá padà, ohun rere ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ju òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ibi ìtọ̀ lẹ kọ́kọ́ ń lọ, eré ló kẹ́yìn. Ọmọ ajá tó bá ti rí eré kì í rántí ìtọ̀, àyàfi bó bá ti padà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó ṣeré lórí okùn. Yóò fi imú tú òjò dídì, yóò sín, yóò fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, yóò lá a. Lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sáré yí po bí ẹni tí ayọ̀ gbé, wọ́n á fi ìdí ṣáájú, wọ́n á yí gbirigbiri. Ẹ jẹ́ kí okùn tú díẹ̀ kí ó má fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àmọ́ nínú òjò dídì, ajá tí ń fetí sílẹ̀ pàápàá lè sọnù: òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti yín ti bò mọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà kò yàtọ̀ sí àgbàlá mọ́. Bí ó bá jẹ òjò dídì díẹ̀, kò burú. Bí ó bá ń gbé e mì bí oúnjẹ, ẹ pè é kúrò, nítorí inú lè dà á rú, ẹ kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: egungun adìyẹ, ìgò fífọ́, iyọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ wo ajá, ẹ má wo aago. Nínú gbogbo orí yìí, ibí ni ọgbọ́n wà. Ara kékeré máa ń tètè pàdánù ooru ju ara ńlá lọ, ọ̀rá kò sì tíì bo ọmọ ajá. Àmì tó ń fi hàn pé ó tó ni: ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìrù há itan, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó dẹ́kun eré láìsí ìdí, ó ń gbọ̀n. Ẹyọ kan nínú wọn ti tó láti wọlé. Ẹ má dúró de èkejì.

Ẹsẹ̀ gbígbé yẹn gba òye díẹ̀. Nínú àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà ajá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná wá sún mọ́ èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà, tí ọ̀kan fi ń mú èkejì móoru. Àwọn onímọ̀ ní Japan ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2011. Nítorí náà, bí ajá bá gbé ẹsẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kìíní tàbí èkejì, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òtútù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la àárín ọmọ ìka rẹ̀, ẹ wá kókó yìnyín tàbí hóró iyọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ó sì tún sáré lọ, ẹ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, òtútù ni. Ẹ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà. Ẹ parí rẹ̀ nígbà tó ṣì fẹ́ sí i. Ẹ fún un ní ìpápánu lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá wọlé

Ẹ bọ́ ẹ̀wù àti bàtà kíákíá, nítorí aṣọ tí omi rin máa ń fa ooru kúrò lára. Ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ àárín ọmọ ìka, ẹ nu ikùn, ẹ wá nu gbogbo rẹ̀ gbẹ títí dé etí. Kókó yìnyín tó lẹ̀ mọ́ irun, ẹ má fà á. Omi ni kí ẹ fi yọ́ ọ.

Ẹ má fo ìwẹ̀sẹ̀ yìí láé. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì, ìbáà jẹ́ sodium chloride tàbí calcium chloride, máa ń gé àtẹ́lẹsẹ̀, ajá yóò sì lá a. Díẹ̀ rẹ̀ ń fa èébì àti òùngbẹ. Púpọ̀ rẹ̀ lè mú kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n gìrìgìrì bí oníwárápá. Iwájú ilé yín nìkan ni ẹ lè fi ohun tí kò léwu sí. Ẹ kò mọ ohun tí aládùúgbò dà.

Ẹ má gbé e ti híta, ẹ má sì fi ẹ̀rọ agbẹrun gbígbóná fẹ́ ẹ. Awọ ara tó ti kú tìpìrì kò mọ̀ bí iná ṣe gbóná tó, yóò jóná láìké. Aṣọ gbígbẹ àti itan yín tó.

Ìkìlọ̀

*Òtútù tó wọ inú ara.* Ìgbóná ara ajá tó dá ṣáṣá wà láàárín 101°F sí 102.5°F, ihò ìdí ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 99°F, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, ẹ fi aṣọ di ìgò omi gbígbóná sí ikùn rẹ̀, ẹ pe dókítà. Ohun tó yẹ kó já yín láyà jù ni ajá tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ tó wá dẹ́kun gbígbọ̀n, tí ara rẹ̀ ṣì tutù, tó ń tòògbé tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Kò tíì sàn. Agbára àtigbọ̀n ló tán. Ilé ìwòsàn ẹranko tó ń ṣí lóru ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sára fìríìjì kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀.

*Ẹran ara tó dì.* Ṣóńṣó etí, ìrù àti ọmọ ìka ló máa ń kàn. Yóò funfun tàbí kó ní àwọ̀ eérú, yóò tutù, yóò le. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi òjò dídì ra á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, lẹ́yìn náà dókítà. Dúdú tó ń fi hàn pé ẹran náà ti kú lè má yọ títí ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ẹ má sọ pé ó ti sàn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

*Kúláǹtì.* Omi tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ kí ó má bàa dì sábà máa ń ní ethylene glycol. Ó dùn lẹ́nu, díẹ̀ rẹ̀ sì ń pa ajá. Láti ìparí ọdún 2012 ni àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ti gbà láti fi ohun kíkorò sí i, ṣùgbọ́n ìkorò kì í dá gbogbo ajá dúró. Ajá tó lá a máa ń rìn bí ọ̀mùtí, á bì, á máa mu omi; lẹ́yìn náà á dà bíi pé ó ti sàn, nígbà náà gan-an ni kídìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́. Oògùn rẹ̀ wà, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá fura lásán, ẹ máa lọ, ẹ má dúró de àmì. Ẹ lè pe ilé iṣẹ́ májèlé ẹranko ti ASPCA lójú ọ̀nà: 888-426-4435. Wọ́n lè gba owó.

*Adágún.* Yìnyín tó gbá jọ sí etí adágún Michigan jọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀. Ihò wà nínú rẹ̀, omi sì ń rú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má mú ọmọ ajá gun orí rẹ̀, kódà bí ẹ bá rí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bí ajá bá já sínú omi, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ pe 911, ẹ dúró ní etí, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀. Mo mọ bí èyí ti ṣòro tó, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe.

*Iná mànàmáná.* Omi iyọ̀ ń gbé iná. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, iná pa obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ní New York, nígbà tó tẹ irin tó bo ihò wáyà lójú ọ̀nà. Ẹ yẹra fún irin ilẹ̀ àti ìdí òpó iná. Bí ajá bá ṣàdéédéé ké tó sì fò sókè níbẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn; okùn ni kí ẹ fi fà á kúrò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fóònù. Gbogbo ilé fẹ́ ya fídíò, ojú gbogbo wọn wà nínú fóònù, kò sì sí ẹni tó rí i pé ajá ti ń gbé ẹsẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnì kan ni kó máa ya fọ́tò, ẹlòmíràn ni kó di okùn mú, kí ẹni tó di okùn mú má sì ṣe ohun mìíràn.

Àwọn kan ń wẹ ajá kí wọ́n tó mú un jáde. Irun tí kò gbẹ kò gba ajá lọ́wọ́ òtútù. Àwọn kan ń fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí a pa máa ń tutù kíákíá. Àwọn kan ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ajá lọ dá tọ̀, wọ́n á lọ po ọbẹ̀. Ọmọ ajá kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú òjò dídì, ìbáà jẹ́ fún ìtọ̀ lásán.

Láti ọjọ́ kejì lọ

Bí ó bá sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kún un, kí ẹ má sì kọjá ìwọ̀n tí mo kọ sókè títí yóò fi dàgbà. Bí ó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jáde, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kí gbogbo ìjáde ọjọ́ náà jẹ́ ìtọ̀ àti ìpápánu nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má pè é ní olóríkunkun. Ẹ mú un lọ kí dókítà wo àtẹ́lẹsẹ̀, èékánná àti oríkèé rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan máa dùn ún.